Bútà Tí Sàfúrátù Já Gbà

Sàfúrátù já bútà àlùwàlá gbà mọ́ ìyá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ lọ́wọ́, lójú gbogbo ará ilé, nígbà tí àkókò ìrun Àlàásárì ti ń lọ.

Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ ti mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe burú tó. Ẹnìkan kì í fi omi àlùwàlá du àgbàlagbà. Bí ẹ kò bá jẹ́ Mùsùlùmí, kẹ́tù oníke lásán ni bútà. Òun la fi ń fọ ojú àti ẹsẹ̀ kí a tó kírun, òun náà la sì ń gbé wọ ilé ìgbẹ́ láti ṣan ìdí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bútà náà ló mú Sàfúrátù àti ọkùnrin náà, Ìkrímà, pàdé.

Lọ́jọ́ tí Ìkrímà kọ́kọ́ rí i, àárín bútà tó ń tà ló jókòó sí. Pupa, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ omi, wọ́n tò láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n so kọ́ sórí okùn lókè orí rẹ̀. Oòrùn àárọ̀ Kumasi, ní ilẹ̀ Gánà, ń gba ara ike wọn kọjá, ó sì ń kun obìnrin náà: ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan pupa, èkejì dà bí ewé tútù. Ó ń jẹ wààkyé, ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà sè, nínú ewé. Kò gbójú sókè.

Ìkrímà dúró, ó gbàgbé ohun tó wá rà.

Fíríìjì ló ń tún ṣe ní Fante New Town. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí òun sí. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó sì fẹ́ ra bútà fún mọ́sálásí kí ó fi ṣe sàdáká lórúkọ rẹ̀.

"Madam, àsàlámù àlékúmù. Èwo ló dára nínú wọn?"

"Wàálékúmù sàlámù. Gbogbo wọn."

"Gbogbo wọn kò lè dára."

"Ẹ wá èyí tí kò dára, kí n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

Sàfúrátù rò pé ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín, á sì sanwó. Ìkrímà bu omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n síhìn-ín, ó ń tẹ̀ wọ́n sọ́hùn-ún, ó ń wo ẹnu wọn bí ẹni ń wo eyín ẹṣin. Sàfúrátù gbé wààkyé sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bútà lẹ wá rà ni àbí ìyàwó lẹ wá yẹ̀ wò?"

"Ìyàwó kì í jò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Tòyíbàt, tó ń ta tẹ̀súbáà ní ìsọ̀ kejì, rẹ́rìn-ín títí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ fi já sílẹ̀. "Èyí yóò ṣe ọkọ fún ẹ paa!" ó pariwo. "Ọkùnrin tó ń yẹ ẹnu bútà wò!"

Ìkrímà rí ọ̀kan tó ń jò. Ó gbé e sókè, ó ń kán sí i lápá. Sàfúrátù fi fún un bí ó ti ṣèlérí. Lọ́jọ́ kejì ó gbé e padà wá, ó ti fi iná dí ibi tó jò.

"Kò jò mọ́. Ẹ tà á."

"Tiyín ni. Ẹ pa á mọ́."

"Bí mo bá pa á mọ́, kí ni mo máa rí gbé wá síbí lọ́la?"

Ó ti pẹ́ tí Sàfúrátù ti rẹ́rìn-ín tó dé inú. Ọkọ rẹ̀ kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní ọ̀nà Techiman, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin ti wá lẹ́yìn náà, wọ́n fi òṣùpá wé e, wọ́n fi oyin wé e. Ó lé wọn. Òṣùpá kì í ra ìrẹsì. Ìkrímà kò fi nǹkan kan wé e. Sàfúrátù ní fíríìjì kékeré kan tó fi ń ta omi tútù àti sóbólò, tí àwọn mìíràn ń pè ní zóbò. Kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà ni Ìkrímà ń wá tún un ṣe.

"Fíríìjì yìí kò ṣàìsàn," ni Sàfúrátù sọ. "Ìwọ lò ń ṣàìsàn."

"Mo mọ̀. Oògùn náà ni mò ń wò báyìí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí iná lọ, tí ooru mú, Ìkrímà ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ó ní, "Sàfú, mo fẹ́ fẹ́ ẹ. Tí iná bá lọ, mo máa máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ẹ."

"Tí iná kò bá dé lọ́sẹ̀ kan ńkọ́?"

"Apá méjì ni mo ní."

Ó gbà. Ohun tó sọ ò ju ìyẹn lọ, òun náà ló sì tó.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Ìkrímà kò mọ̀. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n rí i ní ilé ìwòsàn pé ara ẹnu ilé ọmọ Sàfúrátù ti ń yí padà, pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n tètè rí i, wọ́n yọ ọ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é padà fún àyẹ̀wò. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní kí wọ́n yẹ fùrọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú, nítorí kòkòrò tó ba ti iwájú jẹ́ lè wà lẹ́yìn náà. Fùrọ̀ ni mo kọ. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí kò ní parọ́.

Ìlérí ìgbéyàwó kò tíì pẹ́ nílẹ̀ nígbà tí èsì dé. Dókítà náà, obìnrin Asante kan tí ohùn rẹ̀ tutù, ní, "A rí kòkòrò HPV ní fùrọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n..."

Sàfúrátù kò dúró gbọ́ ohun tó tẹ̀lé ṣùgbọ́n. Ó dìde, ó ní "Medaase," ìyẹn ni pé ó ṣeun, ó jáde. Ó fi agboòrùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé e jáde. Ẹ̀sìn wa kò gbà kí ọkọ bá aya rẹ̀ lò pọ̀ láti ẹ̀yìn. Sàfúrátù kò ṣe é rí, ọkọ rẹ̀ kò sì bèèrè rẹ̀ rí. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Opó tí kòkòrò wà ní fùrọ̀ rẹ̀! Wọ́n á bú òun, wọ́n á sì bú òkú tí kò lè fèsì. Ó sì rò pé ikú ti padà wá gba ọ̀nà ẹ̀yìn, lẹ́yìn tí wọ́n lé e níwájú.

Nígbà tó délé ní Ashanti New Town, ojú rẹ̀ bọ́ sórí bútà ní ẹnu ilé ìgbẹ́. Gbogbo ilé ló ń lò ó. Ó ronú pé ibi tí kòkòrò náà wà gan-an ni ọwọ́ àti omi bútà ń dé. Ọmọdé ń lò ó. Arúgbó ń lò ó.

Ó mú bútà tuntun kan láti ìsọ̀, ó so òwú pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e pamọ́ sí yàrá. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi ń bó. Ó fẹ́ sọ fún Ìkrímà pé kí ó máa lọ, ṣùgbọ́n tí ó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù rẹ̀ láàárọ̀, á ní ó di ọ̀la.

Bẹ́ẹ̀ ló wà tí ìyá Ìkrímà fi wá wo ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Hajia Ojúọlápé ni wọ́n ń pè é. Arúgbó tó gbọn ni, ẹnu rẹ̀ mú, ìbòrí rẹ̀ funfun bí òwú. Ó jókòó, ó mu sóbólò, ó yin ilé, ó yin ìwà. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àlàásárì, ó dìde lọ wá omi. Omi ẹ̀rọ kò ṣàn lọ́jọ́ náà. Àwọn bútà ilé gbẹ. Ọ̀kan ṣoṣo ló kún, ó wà ní ẹnu ọ̀nà yàrá, níbi tí Sàfúrátù gbé e sí kó tó sáré wá kí àlejò. Òwú pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ má fi ìyẹn ṣe é!"

"Kí ló dé? Ṣé kì í ṣe omi ni?"

"Omi ni. Ẹ jẹ́ kí n wá òmíràn fún yín."

"Àkókò ń lọ, ọmọ mi." Ó ti tẹ bútà náà sí àtẹ́lẹwọ́.

Sàfúrátù fò dé ibẹ̀. Ó já a gbà. Omi náà dà sórí ìbòrí funfun, ó ṣàn gba àyà arúgbó lọ sílẹ̀.

Gbogbo ilé yọjú síta. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sọ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé, "Ó ń ta bútà, ó wá ń fi bútà du arúgbó."

Ojúọlápé nu ojú rẹ̀. "Mo fi Ọlọ́hun búra. Wàláhì, obìnrin ahun yìí kò ní tẹ ilé mi, mi ò sì ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ títí wọn á fi sin mí."

Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ògiri ilé, ó fi erùpẹ̀ ṣe tàyàmámù bí ẹni tó wà ní aṣálẹ̀, ó kírun níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ìyẹn dun Sàfúrátù ju ìbúra náà lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ bá Ìkrímà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró láàárín àwọn fíríìjì tí wọ́n ti tú ìdí wọn.

"Mo wá sọ pé kí o wá ẹlòmíràn fẹ́."

"Kí ni ìyá mi ṣe fún ẹ?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Kòkòrò kan wà lára mi. Fùrọ̀ mi ló wà. Mi ò mọ bó ṣe débẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ó ran ìyá rẹ, ìdí tí mo fi já bútà gbà nìyẹn."

Ẹ̀rù ba Ìkrímà. Mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Ó wo ilẹ̀, ó wo sípánà ọwọ́ rẹ̀, ó rò ó pé bóyá obìnrin yìí máa kú mọ́ òun lọ́wọ́. Ó rò nǹkan mìíràn náà, èyí tí gbogbo ọkùnrin máa rò. Nígbà tó gbójú sókè, ó rí i pé obìnrin náà kò gbé ojú tirẹ̀ kúrò. Ó dúró bí ẹni tó ń retí ìgbájú.

"Kí ni dókítà sọ gan-an?"

"Ó ní, 'A rí kòkòrò ní fùrọ̀ rẹ, ṣùgbọ́n.'"

"Ṣùgbọ́n kí ni?"

"Mi ò dúró gbọ́."

"Sàfú!" Ó ju sípánà sílẹ̀. "O já bútà gbà mọ́ ìyá mi lọ́wọ́, o fẹ́ já èmi náà sílẹ̀, o ò sì tíì gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù? Gun alùpùpù. À ń lọ sí ilé ìwòsàn ní Bantama."

Dókítà náà kọ́kọ́ na agboòrùn sí i. "Mo ti ń retí ẹ. Maame, tena ase." Jókòó, ni ó ń sọ. "Ta nìyí?"

"Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi ni. Kó gbọ́ ọ."

"Ó dára. Ṣùgbọ́n, ni mo sọ níjọ́sí. Ṣùgbọ́n irú tí ewu rẹ̀ kéré ni. HPV pọ̀ ní irú, ó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan wà tó ń fa jẹjẹrẹ. A wá àwọn yẹn lára rẹ, a kò rí wọn. Èyí tí a rí kì í ṣe ara wọn. Ohun tó lè ṣe ni kí ó sọ kókó kéékèèké sí ẹ níbẹ̀. Tí o bá rí i, wá, a máa yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí nǹkan kan."

"Oògùn rẹ̀ ńkọ́?" Ìkrímà ló bèèrè.

"Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ara ló ń lé e. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, kì í ju bí ọdún kan sí méjì lọ."

Sàfúrátù wo ọwọ́ rẹ̀ tó ti bó. "Dókítà, mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Láti ẹ̀yìn. Mo fi Ọlọ́hun ṣe ẹlẹ́rìí."

"Mi ò bi ẹ́, kòkòrò náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ara sí ara ló ń gbà rìn nígbà ìbálòpọ̀. Bí ó bá ti dé iwájú obìnrin, ó lè rìn dé ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, kò jìnnà. A ń rí i lára obìnrin tí kò ṣe ohun tí ò ń sọ yẹn rí. Ó lè ti wà lára rẹ láti ọdún tó ti pẹ́ kó má sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, yálà ìwọ tàbí ọkọ rẹ tó kú."

"Bútà ńkọ́?"

"Bútà wo?"

Sàfúrátù sọ ọ́. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. "Omi bútà kì í kó o ran èèyàn, Maame. Máa fọ ọwọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń fọ ọ́, ó tó."

"Èmi ńkọ́, tí mo bá fẹ́ ẹ?" ni Ìkrímà wí.

"Ó lè ràn ẹ́, mi ò ní tàn ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé o ti ní in rí, kí ara rẹ ti lé e lọ láìsọ fún ẹ. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti gbà á nígbà kan. Rọ́bà ń dín in kù, kò dí i pátápátá. Ìwọ, Sàfúrátù, má pa àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ tì. Ìyẹn ni kí o bẹ̀rù díẹ̀. Èyí, jẹ́ kí ara rẹ bá a jà. Bó o ṣe jókòó yìí, ó ń bá a jà lọ́wọ́."

Sàfúrátù yí ọwọ́ rẹ̀ padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọwọ́ fún. Gbogbo ìgbà tó ń sunkún, tó ń so òwú pupa, tó ń sá fún ọmọdé, ohun kan nínú rẹ̀ ti ń jagun fún un. Kò bèèrè oúnjẹ fún ogun náà. Kò gbọ́ ariwo rẹ̀. Kò dúpẹ́ rí.

"Súbúhánàlláhì," ni Ìkrímà sọ. Ó ti tú ẹ̀rọ fún ogún ọdún. Kò tíì rí ẹ̀rọ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn.

Òjò ti ń rọ̀ nígbà tí wọ́n jáde. Ó na agboòrùn náà sórí Sàfúrátù, òun fúnra rẹ̀ ń tutù.

"Wọ abẹ́ ẹ̀," ni Sàfúrátù sọ.

"A ò tíì so yìgì."

"Tètè so ó nígbà náà, kí òjò yé pa ẹ́."

Ìbúra ìyá ló kù. Ìkrímà fẹ́ purọ́ díẹ̀. Ó ní òun á sọ pé eku ló wọ inú bútà. Sàfúrátù kọ̀. "Mi ò ní fi eku wọ ilé ọkọ."

Ó lọ fúnra rẹ̀. Ojúọlápé jókòó sínú ilé, lẹ́bàá ìloro, ó ń fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ àgbò rẹ̀. Láti ọmọ ọwọ́ ló ti ń tọ́ àgbò náà fún Iléyá. Alátà lorúkọ rẹ̀, nítorí Alátà làwọn Asante ń pe àwa Yorùbá. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ máa pe òun ní orúkọ, kí àgbò òun máa dáhùn.

"O mọ̀ pé mo búra," ni arúgbó wí.

"Mo mọ̀, Màmá. Mi ò ní wọlé."

Ó kúnlẹ̀ síta, ẹnu ìloro wà láàárín wọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan bò ó. Ojúọlápé gbọ́ ọ dé òpin.

"Ìwọ àti ọkọ rẹ tó kú, ẹ ṣe ohun tí Ọlọ́hun kọ̀?"

"Rárá, Màmá."

Arúgbó wò ó pẹ́. "Mo gbà. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?"

"Níwájú gbogbo ilé?"

"Háà. O mọ̀ nígbà náà pé bútà kò lè kó o ràn mí?"

"Mi ò mọ̀. Mo rò pé ó máa pa yín ni."

"O wá jẹ́ kí n bú ẹ. O jẹ́ kí n búra. O gba orúkọ ahun sórí, nítorí kí n má baà ṣàìsàn."

Alátà fa èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ já lọ́wọ́ arúgbó, kò mọ̀. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Mo dúró níwájú Káábà, ọmọ mi, mi ò sunkún. Àwọn èèyàn ń sunkún, mò ń wò wọ́n. Wò mí lónìí."

Lọ́jọ́ náà gan-an ló pe Alfa Sàláhúdéènì. Alfa ní ẹni tó bá búra, tó sì rí ohun tó dára ju ìbúra náà lọ, kí ó ṣe èyí tó dára, kí ó sì san ìtánràn: kí ó bọ́ aláìní mẹ́wàá. Ìrẹsì àti ọbẹ̀ tó, ni Alfa wí.

"Ìrẹsì kò dùn mí," ni Ojúọlápé fèsì.

"Hajia, kò di dandan kí ó dùn yín."

"Mo pe ọmọ ọlọ́mọ ní ahun lójú gbogbo ilé. Ó di dandan."

Ìkrímà ní òun á san án. Ìyá rẹ̀ ní, "Ẹnu ta ló búra?"

Wọ́n so yìgì ní mọ́sálásí Ashanti New Town, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ́. Alfa bi ìyàwó léèrè ohun tó fẹ́ gbà ní sàdáàkì, ẹ̀bùn tí ọkọ ń fún ìyàwó. Sàfúrátù ní bútà tó jò, tí Ìkrímà fi iná dí, ni òun fẹ́. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ìkrímà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbé e wá láti ilé, ó fi aṣọ bò ó. Ojúọlápé fúnra rẹ̀ bu omi sínú rẹ̀ níwájú àwọn obìnrin tó gbọ́ ìbúra rẹ̀, ó fi ṣe àlùwàlá, ó sì na ọwọ́ tó tutù sí Sàfúrátù kí ó dì í mú dìde. Wọ́n bèèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo ṣì í." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jẹ kòkó àti kóòsé, ìyẹn ẹ̀kọ mímu àti àkàrà, lọ́wọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, nínú ilé tó ti búra pé ìyàwó náà kò ní tẹ̀.

Nígbà tí Iléyá dé, àgbò ń ké káàkiri Fante New Town láti ìdájí. Ojúọlápé jí, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó kó èèpo rẹ̀ jọ sínú abọ́, ó gbé e dé ìloro. Ibẹ̀ ló tó rántí. Okùn Alátà ṣì wà lára òpó, kò sí ohun tó so mọ́ ọn. Aláìní mẹ́wàá ti jẹ ẹ́ tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́.